Fọ́tò Méjìdínláàádọ́ta

Ẹ bá mi kí Àǹtí Tò-ó-dáa kú iṣẹ́. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ó sì ti lo ọdún méjìlélógún nídìí kọ̀ǹpútà ní ilé ìtẹ̀wé kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gba ọ̀rọ̀ àti fọ́tò tí àwọn oníbàárà bá kó wá rúdurùdu, kó tò wọ́n sójú ewé, kó tún àwọ̀ wọn ṣe, kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ létí ewé nítorí ọ̀bẹ tó máa gé e, kó tó wá fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó wà ní yàrá kejì. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá, tó wá ń ṣàlàyé, tó ń ṣàlàyé, bí ẹni tó wà níwájú adájọ́, gbólóhùn kan náà ni obìnrin yìí máa fi dá a lóhùn: "Ẹ fi sílẹ̀, màá tò ó dáa." Ibẹ̀ lorúkọ ti mọ́ ọn lórí.

Ojú rẹ̀ mú, ẹnu rẹ̀ náà sì mú. Tí àlàfo apá ọ̀tún ewé bá fi ìwọ̀n fọ́nrán irun kan tóbi ju ti apá òsì lọ, ara rẹ̀ ò ní lélẹ̀. Ohun tó tún máa ń bí i nínú jù ni fọ́tò kékeré. "Fọ́tò tó tó èékánná, ẹ ní kí n fi kún ojú ewé! Ṣé idán ni mo wá ń pa níbí ni?" Oníbàárà á ní ṣebí ó mọ́ kedere lójú fóònù òun. Ìwàásù máa wá bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: pé fọ́tò tí èèyàn bá kàn fi ránṣẹ́ láti orí fóònù sórí fóònù, wọ́n á ti fún un bí aṣọ tí wọ́n fún omi lára rẹ̀, ohun tó kù kò tó tẹ̀, pé kí wọ́n lọ wá ojúlówó fáìlì náà bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà, kí wọ́n fi íméèlì gbé e wá. Ojúlówó fáìlì máa ń gbé ìròyìn ara rẹ̀ dání: bó ṣe tóbi tó, kámẹ́rà tó yà á, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n yà á. Àǹtí kì í gbé fọ́tò kankan sójú ewé láì kọ́kọ́ wo ìròyìn yìí. Ó ti mọ́ ọn lára.

Àtúnṣe ojú wá ńkọ́? Ẹ ò rí nǹkan. Ọmọge ní kó bá òun pa irorẹ́ rẹ́. Bàbá kan tí orí rẹ̀ ti pá kanlẹ̀ ní kó bá òun dá irun díẹ̀ padà, ó ní kó má kàn pọ̀ jù, káwọn èèyàn má baà fura. Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ìyẹn ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àwàdà, á yọ orí sí i láti yàrá kejì.

"Àǹtí, ọjọ́ wo lẹ máa bá mi tún tèmi ṣe?"

"Tìẹ ti kọjá agbára kọ̀ǹpútà. Padà sídìí ẹ̀rọ ẹ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́, ó sì ń sọ ọ́ gidigidi.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkọ rẹ̀, tó máa ń pè ní Bàbá Ọmọ, ti lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan lókè òkun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wálé láti ìgbà náà, ìyẹn lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ṣègbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò. Tó bá jẹ́ ohun ńlá ńlá ló ń dun Àǹtí ni, ì bá ti gba kámú. Àwọn ohun kéékèèké ni. Ọkùnrin náà máa ń fi imú kùn orin kan tó bá ń fọ eyín láàárọ̀, orin kan náà lójoojúmọ́, kì í sì í kọ ọ́ parí. Nígbà tó wà nílé, ariwo ni Àǹtí máa ń pa mọ́ ọn: "Ẹ parí ẹ̀ ká sinmi!" Ní báyìí, tó bá dá dúró níbi tí wọ́n ti ń fọ ọwọ́ láàárọ̀, ó máa ń rí i pé òun ti dúró, òun ti mú búrọ́ọ̀ṣì kúrò lẹ́nu, òun ń tẹ́tí. Ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ṣì ń sùn sí, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù o. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ohùn nìkan ni. Ọkọ rẹ̀ ní kámẹ́rà fóònù òun ti bàjẹ́, pé ọ̀rẹ́ tí àwọn jọ ń gbé ló máa ń bá òun ya fọ́tò. Ohùn náà gan-an ti wúwo díẹ̀, bí ẹni tí oúnjẹ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní oníṣègùn eyín ló yọ eyín òun mélòó kan. Ó sáà máa ń fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù, kì í yẹ̀. Ó á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Èmi rèé lónìí o." Àǹtí á gbé e sínú kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, á wò ó títí tíì rẹ̀ á fi tutù. Ọkùnrin náà máa ń fi abẹ ha ara rẹ̀ lágbọ̀n nígbà tó bá ń fá irùngbọ̀n, ojú egbò pín-ín-pín kan máa ń wà níbẹ̀. Àǹtí á fi kọ̀ǹpútà nù ún kúrò, fìrì, bó ṣe ń nu ti gbogbo ayé. Ó tiẹ̀ máa ń bá a wí lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra abẹ míì. Eléyìí fẹ́ pa yín."

"Màá rà á," ọkọ rẹ̀ á wí, á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọmọ wọn ló dá ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀. Ó wá kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa pé ọgbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ ti ṣègbéyàwó lọ́dún yìí. Gbogbo ayé lẹ̀ ń bá ṣe ìwé fọ́tò, ìgbà wo lẹ máa ṣe tiyín?" Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, èèyàn ò lè tẹ ìwé láì tẹ ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ̀rọ òde òní, ẹ̀dà kan ṣoṣo téèyàn bá fẹ́ ló máa tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Àǹtí lára. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀ ohun tó wà nídìí ẹ̀, èmi ni mo ń sọ ọ́ fún yín: ohun kan ṣoṣo tó ń wá nínú ìwé náà ni kí ọkọ òun wálé. Ó ní tí ọkùnrin náà bá gbà á lókè òkun, tó ń ṣí i léwé léwé, tó rí yàrá wọn, tó rí ìyàwó rẹ̀ nínú oyún ọmọ wọn, tó rí ara rẹ̀ nígbà tí irun orí rẹ̀ dúdú, àárò ilé á gbé e dìde lórí àga, á lọ di ẹrù rẹ̀.

Fọ́tò ìgbà èwe wọn pọ̀. Ti àìpẹ́ yìí ló kù, àwọn èyí tí ọkọ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, èékánná sì ni gbogbo wọn. Àǹtí wá sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó fi ojúlówó wọn ránṣẹ́. Ọkùnrin náà ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní òun gbàgbé. Àǹtí ò jẹ́ kó sinmi, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀ títí wọ́n á fi gbé ojúlówó wá.

Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdé ni íméèlì náà wọlé. Àǹtí ka àwọn fáìlì inú ẹ̀: méjìdínláàádọ́ta. Mọ́kànlélógójì sì ni gbogbo èyí tó ti gbà láti ìgbà tí fọ́tò oṣooṣù ti bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó ní ọkùnrin yìí fi méje ṣe ènì fún òun.

Ó ṣí àwọn méje náà wò. Ẹ̀wù tí kò rí rí ni ọkọ rẹ̀ wọ̀. Nínú ọ̀kan, ẹ̀wù òtútù tó nípọn ló wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú fìlà onírun tó bo etí, bẹ́ẹ̀ òtútù ìlú tó wà ku oṣù mẹ́rin gbáko kó tó dé. Àǹtí ní bóyá ti èṣín ni. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́ ọn lára, ó ṣí ìròyìn fáìlì náà. Ọjọ́ Sátidé kan, lọ́dún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e: Sátidé yẹn náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú. Ó ṣí èyí tó gbà lóṣù tó kọjá, tí wọ́n kọ "Èmi rèé lónìí o" sábẹ́ rẹ̀. Sátidé yẹn náà ni. Ó ṣí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ya àkọ́kọ́, aago méjì ọ̀sán kọjá ni wọ́n ya ìgbẹ̀yìn. Ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀wù ń yí padà, fìlà ń yí padà, ojú egbò abẹ kò kúrò lójú kan náà lágbọ̀n.

Ẹ gbà mí o! Obìnrin tó máa ń rí àlàfo tó fi fọ́nrán irun kan tóbi jù! Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ nu egbò kan náà kúrò. Ọwọ́ ti yá nídìí iṣẹ́ ju ojú lọ, kò jẹ́ kí ojú ráyè fura.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni ohun tó máa sọ sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn: obìnrin. Ó dìde, ó bọ́ sórí àtẹ̀gùn ìta, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Ṣé kò sí o?" ọkọ rẹ̀ bi í. "Mo wà níbi iṣẹ́."

"Ọjọ́ wo lo ya fọ́tò oṣù tó kọjá?"

Láti ọgbọ̀n ọdún, Àǹtí ò pe ọkọ rẹ̀ ní "o" rí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Oṣù tó kọjá náà ni."

"Má parọ́ fún mi! Ọjọ́ kan náà lo ya gbogbo ẹ̀, aago wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú wà níbẹ̀. Mo ti rí ti oṣù tó ń bọ̀. Mo ti rí ti oṣù méje tí kò tíì dé! Obìnrin wo ló wà níbẹ̀ tí o ò fi fẹ́ kí n rí ojú ẹ?"

Àǹtí ń gbọ́ bí ẹrù ṣe ń dún gbìràgbìrà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni mo ní kó bá mi fi wọ́n ránṣẹ́. Mọ́kànlélógójì ni mo ní kó kó. Kò gbọ́ mi yé."

"Mi ò béèrè ọ̀rẹ́ ẹ."

"Kò sí obìnrin kankan, ìyàwó mi. Kókó kan ló yọ sí mi lágbọ̀n nígbà náà. Àwọn dókítà ní tí àwọn ò bá gé egungun ibẹ̀ kúrò, ó máa pa mí. Wọ́n ní tí àwọn bá sì gé e, ojú mi ò ní rí bákan náà mọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sí. Ní Sátidé tó ṣáájú ẹ̀, mo yá aṣọ lọ́wọ́ gbogbo àwọn tá a jọ ń gbé, mo fá irùngbọ̀n, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi máa yà mí. Mo ní tí mo bá ní ti ọdún mẹ́rin lọ́wọ́, kó tó tán, màá ti rí ẹnu sọ ọ́ fún ẹ."

Àǹtí jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ta ló tẹ̀ lé ẹ lọ sí ọsibítù?"

"Èmi nìkan."

"Ta ló gbé ẹ padà sílé?"

"Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀. Mo fi aṣọ bo ojú."

Omi ń bọ́ lójú Àǹtí, kò nù ún. Àwọn tó ń gòkè wá sí ilé ìtẹ̀wé ń yà fún un.

"Tí méje tó kù bá tán ńkọ́?" ó bi í.

"Mi ò mọ̀. Mo rò pé màá máa dín pípè ẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, títí ó fi máa mọ́ ẹ lára. Ojú tí o mọ̀ kọ́ ló wà lọ́rùn mi mọ́. Mi ò fẹ́ kó o wò mí kó o wá gbé ojú kúrò."

"Orí ẹ ò pé!" Àǹtí kígbe. "Mo ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn nítorí ẹ, ìwọ ń wá bí mo ṣe máa gbàgbé ẹ! Ya ojú ẹ báyìí báyìí, kó o fi í ránṣẹ́ sí mi. Ojúlówó ni mo fẹ́."

"Mi ò lè ṣe é."

Ọkùnrin náà pa fóònù.

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, Àǹtí ò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Iṣẹ́ ilé-ìwé kan wà níwájú rẹ̀. Ó gbé orúkọ ọ̀gá ilé-ìwé náà, tòun ti oyè rẹ̀, sábẹ́ fọ́tò bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ. Ọ̀gá Ẹ̀rọ gbé ewé náà wá bá a. "Àǹtí, ìgbà wo ni ọ̀gá yìí di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin?" Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ẹ̀rọ wo ojú rẹ̀, ó rọra gba ẹ̀yìn padà lọ. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, Àǹtí á sáré gbé e wò. Ó pe ọkọ rẹ̀ títí, kò gbé e. Ẹ̀rù tó ń bà á kò ju ọ̀kan lọ: kó má lọ jẹ́ pé ariwo tí òun pa ló máa jẹ́ kí ọkùnrin náà ṣe ohun tó ní òun fẹ́ ṣe, kó dákẹ́ pátápátá, kó sọnù sí òun lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn kàn tàrà sójú fèrèsé, íméèlì kan wọlé. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀. Fáìlì kan ni.

Àǹtí ṣí i. Apá òsì ojú ọkọ rẹ̀ ti wọ inú. Àgbọ̀n rẹ̀ ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, àpá gígùn kan ti abẹ́ etí wá dé ibi ètè, ètè ìsàlẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀. Irun tó kù lórí rẹ̀ ti funfun. Ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró gba ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, ẹyinjú tí Àǹtí mọ̀ náà ni, kò sí abẹ tó kan ìyẹn. Ó gbé ọwọ́ sórí àwòrán náà, ó sunkún tó dùn ún wọra, ó ń sọ ọ́ léraléra pé, "Bàbá Ọmọ, ẹ kú ìyà. Ẹ kú ìyà o."

Nígbà tó nu ojú tán, ó fa bẹ́ǹṣì rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Méjìdínláàádọ́ta fọ́tò ọjọ́ Sátidé yẹn, ó tò wọ́n wínníwínní sójú ewé kan ṣoṣo. Ọjọ́ kan ni wọ́n, ojú ewé kan tó wọn. Kò nu egbò abẹ kúrò lára ọ̀kankan. Ojú ewé tó kọjú sí i, ó fi fọ́tò tuntun náà kún un láti òkè délẹ̀, láti etí dé etí. Ó rí i dájú pé ojú náà jìnnà sí àárín ìwé, ibi tí ìsopọ̀ lè ti gbé e mì. Kò tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ ò yún un o. Ọwọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ kan fún ọdún méjìlélógún! Ó kó ọwọ́ náà sí abẹ́ itan rẹ̀ títí ó fi balẹ̀.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Ẹ̀rọ mú ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó ṣì gbóná, ó gbé e síbi iná.

"Àǹtí, bàbá yìí ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé láti bá a tún ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ ṣe."

"Ọkọ mi ni," Àǹtí wí. "Ojú ẹ̀ nìyẹn. Má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ, aláwàdà bíi tirẹ̀, dá ẹ̀rọ dúró. Ó lọ mú pépà tó nípọn jù lọ nínú ilé, èyí tí wọn kì í fún oníbàárà lásán, ó sì tún gbogbo ìwé náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí gbé ìwé náà dé ilé, ó pe ọkọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé e.

"Ìwé ti jáde," Àǹtí wí.

"Ṣé o ti fi ránṣẹ́?"

"Mi ò ní fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni, orí tábìlì wa níbí ló máa wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wálé wá wò ó."

"Ìyàwó mi, tí mo bá ń jẹun, ẹnu mi kì í pa dé. Ó máa ń dà sí mi láyà."

"Màá bá yín nù ún."

"Àwọn èèyàn máa ń wò mí lójú títì. Àwọn ọmọdé máa ń sá."

"Kí wọ́n máa wò yín. Èmi náà fẹ́ wò yín. Ẹ ti fi ọdún mẹ́ta ààbọ̀ wo ojú yẹn ní ẹ̀yin nìkan, ó tó gẹ́ẹ́."

Àǹtí gbọ́ bó ṣe fọn imú.

"Ọjọ́ wo lo kì í lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀?"

"Ẹ sáà máa bọ̀," Àǹtí dá a lóhùn. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé, mi ò ní lọ."